Kòkòrò Inú Ẹ̀wà: Ta Ni, Níbo Ló Ti Wá, Kí La Lè Ṣe Sí I?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, màmá mi ra àpò ẹ̀wà olóyin méjì sílẹ̀. Ilé wa kò jìnnà sí abẹ́ afárá Ojú Ẹlẹ́gbà, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì láràárọ̀ fún àwọn awakọ̀, àwọn agbèrò, àti àwa akẹ́kọ̀ọ́ tá a ń wọkọ̀ lọ sí Yaba. Ìṣirò wọn kò ṣòro. Àsìkò ìkórè ni ẹ̀wà máa ń pọ̀ lọ́jà. Bó bá fi máa di oṣù Kẹfà tàbí Keje, owó rẹ̀ á ti gbẹ́nu sókè. Ẹni tó bá lè ra tirẹ̀ pamọ́ nígbà ìkórè ti jèrè. Màmá sọ pé èrè orí àpò kejì ni àwọn máa fi kún owó iṣẹ́ àkànṣe ìparí ẹ̀kọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n máa tú àpò kejì ní oṣù Kejì, eruku funfun ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn kòkòrò kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí atẹ. Ẹ̀wà náà ti lu. Bẹ́ ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, bóyá ìdajì rẹ̀ ló ní ihò róbótó lára, òmíràn tiẹ̀ ní ihò mẹ́ta. Màmá wò ó títí, wọ́n ní: "Ṣé èmi ni mo kó kòkòrò sí i ni? Mo kúkú di ẹnu àpò yìí pinpin." Aládùúgbò wa kan ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé ká kàn da ọ̀tápíàpíà díẹ̀ sí èyí tó kù, kòkòrò á kú fin-ín fin-ín.

Mi ò mọ èsì tí mo lè fún màmá mi nígbà náà. Ìbéèrè wọn ni mo ń gbé kiri títí mo fi wá ìdáhùn rẹ̀ rí, lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti nínú ìwé. Ìdáhùn náà ni mo fẹ́ kọ síbí fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti gboyè jáde, tẹ́ ẹ ti ń ra ẹ̀wà fúnra yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mí, nítorí náà orúkọ ni mo kọ́kọ́ wá. Nínú Yorùbá ìgboro Èkó, "kòkòrò" náà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kòkòrò ló ń jẹ ẹ̀fọ́, kòkòrò ló ń jẹ eyín, kòkòrò àrùn ló ń fa ibà, kòkòrò náà ló wà nínú ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba gbogbo wọn mọ́ra. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ya tinú ẹ̀wà sọ́tọ̀, ẹ ó ní láti so ibùgbé rẹ̀ mọ́ ọn: kòkòrò ẹ̀wà, kòkòrò inú ẹ̀wà.

Àwọn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún un, àmọ́ àṣìpè ni. Weevil ni wọ́n ń pè é. Weevil gidi máa ń ní ẹnu gígùn tó yọ síwájú bí imú erin. Kòkòrò inú ẹ̀wà kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ẹbí mìíràn ló ti wá, ẹbí Chrysomelidae, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ ewé. Ìdílé tirẹ̀ nínú ẹbí náà, Bruchinae, ti fi ewé sílẹ̀, inú hóró irúgbìn ni ọmọ wọn ti ń dàgbà. Gbogbo wa la mọ òwe tó ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èyí tó ń jẹ obì yẹn, tí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ń jẹ́ Balanogastris kolae, weevil gidi ni, ẹnu gígùn wà lára rẹ̀. Tinú obì àti tinú ẹ̀wà kì í ṣe ọmọ ìyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe àwọn méjèèjì.

Orúkọ tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ti ẹ̀wà ni Callosobruchus maculatus. Johan Christian Fabricius, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1775. Látìn ni maculatus, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "alábàwọ́n", nítorí àmì dúdú tó wà lára ìyẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó ti ṣú díẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 sí 4 lọ, kò tó hóró ẹ̀wà kan. Ìyẹ́ òkè rẹ̀ le, ó sì kúrú, kò bo ìdí rẹ̀ tán. Bẹ́ ẹ bá ti rí kòkòrò kékeré tí ìdí rẹ̀ yọ síta báyìí nínú ẹ̀wà, òun náà nìyẹn.

Bó ṣe ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀

Kí n lè rí i fúnra mi, mo ṣa hóró ẹ̀wà tí kò lu, mo kó wọn sínú ike Ragolis tí mo ti nù gbẹ, mo sì mú kòkòrò mẹ́fà sí i. Mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ike náà, mo gbé e sórí tábìlì, mo wá ń kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀ láràárọ̀. Ohun tí mo rí kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé.

Abo kòkòrò náà kì í yé ẹyin rẹ̀ sáàárín ẹ̀wà lásán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yé e, tí yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèpo hóró ẹ̀wà pinpin bí ẹni fi gọ́ọ̀mù lẹ nǹkan. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á, kò ní ṣí kúrò bọ̀rọ̀. Ẹyin náà kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ó sì ń dán. Abo kan lè yé tó 100 nígbà ayé rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ó ń yan ibi tó ń yé e sí. Kó tó yé ẹyin, ó máa ń rìn yí hóró náà ká, yóò yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ẹyin ẹlòmíràn bá ti wà níbẹ̀, ó sábà máa ń lọ wá hóró tó ṣófo. Ìgbà tí kò bá sí èyí tó ṣófo mọ́ ló tó máa ń yé lé ti ẹlòmíràn lórí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Hóró ẹ̀wà kan ni gbogbo oúnjẹ tí ọmọ rẹ̀ máa jẹ láyé. Kò lè jáde lọ wá òmíràn. Bí ọmọ bá pọ̀ jù nínú hóró kan, ebi á pa wọ́n, àwọn kan á kú, àwọn tó kù á sì rán.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹyin á pa. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ìdin tó jáde síta. Ìsàlẹ̀ ẹyin náà gan-an ni ìdin ti ń jẹ èèpo ẹ̀wà wọlé. Ìyẹ̀fun tó ń gbẹ́ bó ṣe ń wọlé ni yóò máa tì sẹ́yìn sínú èèpo ẹyin tó fi sílẹ̀, èyí ló fi jẹ́ pé ẹyin tó ń dán tẹ́lẹ̀ á wá funfun báláú. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí àmì funfun tóótòòtó lára ẹ̀wà tẹ́ ẹ rò pé kò tíì lu, ẹ má ṣe rò pé ìdọ̀tí ni. Ìdin ti wà nínú rẹ̀.

Inú ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, tí yóò ti máa bọ́ awọ, tí yóò sì ti máa sanra. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó di àgbà, yóò jẹ ẹ̀wà dé abẹ́ èèpo, yóò wá dúró síbẹ̀ láìjẹ èèpo náà lu. Ẹ ó rí ojú wíńdò kékeré róbótó kan tó ṣú díẹ̀ lára ẹ̀wà náà. Lẹ́yìn wíńdò yìí ló ti máa ń paradà. Tó bá ti parí, yóò gé wíńdò náà yípo bí ẹni ṣí ọmọrí ìkòkò, yóò sì jáde. Ihò tí à ń rí lára ẹ̀wà, ihò ìjáde ni. Kò sí kòkòrò tó gba ibẹ̀ wọlé.

Níbi tí ooru bá ti wà bíi tiwa, láti ọjọ́ tí ẹyin ti dé ara ẹ̀wà títí di ọjọ́ tí àgbà yóò jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Nínú ike tèmi, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni àkọ́kọ́ jáde. Àgbà náà kì í jẹ ẹ̀wà rárá. Kò nílò oúnjẹ, kò nílò omi. Ọ̀rá tó kó sára nígbà tó jẹ́ ìdin ló ń ná, títí yóò fi kú ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kó gùn, kó yé ẹyin, kó kú, kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Gígùn náà kò rọrùn fún abo. Ẹ̀gún kéékèèké wà lára nǹkan ọkùnrin akọ, ó sì máa ń dá ọgbẹ́ sí abo lára. Ìdí nìyẹn tí abo fi máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta akọ nípàá títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí àti bó ṣe rọrùn láti sìn, ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí káàkiri àgbáyé ló ń sin kòkòrò ẹ̀wà láti fi kọ́ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ohun tí màmá mi ń bú, ẹlòmíràn ń fi ẹ̀wà bọ́ ọ.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní abo kan ṣoṣo ló wà nínú àpò. Ká ní nínú 100 ẹyin rẹ̀, 20 péré ló di abo tó dàgbà tó sì yé tirẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, 20. Lóṣù kejì, 400. Lóṣù kẹta, 8,000. Ìdí nìyẹn tí àpò tó dà bíi pé kò ní nǹkan kan nínú ní oṣù Kọkànlá fi lè di eruku ní oṣù Kejì.

Báwo ló ṣe wọ inú àpò tí a dì pinpin?

Ìdáhùn ìbéèrè màmá mi nìyí: rárá, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kó o sí i. Láti oko ló ti tẹ̀ lé e wá.

Irú àgbà méjì ni kòkòrò yìí ní. Ọ̀kan kò fẹ́ràn àtifò. Inú ẹ̀wà tí wọ́n kó pamọ́ ló máa ń wà, ó máa ń yé ẹyin púpọ̀, kì í sì í pẹ́ láyé. Èkejì máa ń fò dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ẹyin rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ó sì máa ń pẹ́ láyé jù ú lọ. Nígbà tí ìdin bá pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tí ooru sì mú, irú kejì ló máa ń jáde. Àwọn ló ń fò kúrò níbi tí oúnjẹ ti fẹ́ tán. G. H. Caswell, tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kọ̀wé nípa irú kejì yìí ní 1960, ó sì pè é ní èyí tí kò bá ìṣe mu. Irú ti àkọ́kọ́ ló mọ̀ jù nínú àpò, òun ló ṣe rí èkejì bí àjèjì. Lójú kòkòrò fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì ló bá ìṣe mu: ọ̀kan fún ìgbà tí oúnjẹ wà, èkejì fún ìgbà tí oúnjẹ fẹ́ tán.

Nígbà tí ẹ̀wà bá ń gbó lóko, àwọn tó ń fò yìí lè yé ẹyin sára pódi rẹ̀. Wọn kì í pọ̀ níbẹ̀. Àgbẹ̀ yóò pa ẹ̀wà rẹ̀, yóò fẹ́ ẹ, yóò dì í sápò, kò sì ní rí nǹkan kan, nítorí inú hóró ni ìdin wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wà tí à ń jẹ ní Èkó, òkè ọya ló ti ń wá. Yóò gba ọjà bíi Dawanau ní Kano, yóò wọ ọkọ̀ àjàgbé, yóò sọ̀ sí Ìddó tàbí Daleko ní Mushin, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Ní gbogbo ibùdó wọ̀nyí, àpò tuntun ń fara kan àpò àtijọ́, kòkòrò sì ń kọjá láti inú èyí sínú èyí. Dídì tí màmá mi di ẹnu àpò wọn pinpin, inú ló dì wọ́n mọ́. Àpò sáńsán lásán sì ni, afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ wọlé dáadáa.

Àjọṣe ẹ̀wà àti kòkòrò yìí ti pẹ́. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti sọ ẹ̀wà di ohun ọ̀gbìn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ẹ̀wà ní àwọn ibùgbé àtijọ́ Kintampo ní ilẹ̀ Ghana, tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 3,000 ọdún. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú kọjá òkun, ẹ̀wà bá wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín àkàrà ní Bahia títí di òní, tí wọ́n ń pè é ní acarajé. Kòkòrò náà ti bá òwò irúgbìn yí ayé ká. Níbi tí ooru bá ti wà, tí ẹ̀wà sì wà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí kò sí.

Ohun tó ń ná wa

Ìpalára àkọ́kọ́ ni ti owó. Orílẹ̀-èdè wa ló ń gbin ẹ̀wà jù lọ lágbàáyé. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé kòkòrò á jẹ tòun kì í dúró de ìgbà tí owó bá gòkè. Ojú ẹsẹ̀ tó bá kórè ló ń tà á, lówó tí wọ́n bá fún un. Àwa tá a wà lọ́jà náà kò lè rà á pamọ́. Ẹ̀wà tó lu kò ní hù dáadáa bí wọ́n bá gbìn ín, ó ti fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n, ó sì máa ń léfòó bẹ́ ẹ bá da omi sí i.

Ìpalára kejì ló burú jù, àwa èèyàn la sì fọwọ́ ara wa fà á. Kòkòrò ẹ̀wà kì í gé èèyàn jẹ, kò sì ní májèlé nínú. Ẹni tó bá ṣèèṣì jẹ ẹ́ kò ní kú. Oògùn tí wọ́n ń dà sí i ni ká bẹ̀rù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní ọ̀tápíàpíà ni dichlorvos. Iṣẹ́ iṣan ara ni oògùn yìí ń dá dúró. Bó ṣe ń pa kòkòrò náà ló ṣe lè pa èèyàn, bí ó bá ti pọ̀ tó. Kò sí ohun tó kọ́ ọ láti mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan kòkòrò àti iṣan ọmọ tó jẹ mọ́ínmọ́ín.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ìwọ̀n dichlorvos tí wọ́n fàyè gbà kò ju mìlígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà tiwa wà láàárín 0.03 sí 4.6. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: èyí tó pọ̀ jù náà jẹ́ ìlọ́po 460 ohun tí òfin wọn gbà. Ní 2016, wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn sọ nígbà náà pé owó ilẹ̀ òkèèrè la pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí wọn kò jẹ́ kó wọ ọ̀dọ̀ wọn, irú rẹ̀ náà ló wà nínú ìkòkò wa níbí. Ní 2019, NAFDAC kéde pé òun máa fòpin sí dichlorvos inú ìgò kékeré 100 ml, èyí tó rọrùn fún gbogbo èèyàn láti rà. Síbẹ̀, ẹ ó ṣì máa gbọ́ ìmọ̀ràn bíi ti aládùúgbò wa.

Àṣìgbọ́ kan tún wà tó yẹ ká yanjú. Ní 2019, ìjọba fọwọ́ sí ẹ̀wà tuntun kan tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, SAMPEA 20-T, tí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Zaria. Àwọn kan rò pé kòkòrò kò ní lè jẹ ẹ́ nínú àpò mọ́. Kì í ṣe torí kòkòrò yìí ni wọ́n ṣe é. Maruca ni wọ́n ń bá jà, ìyẹn ìdin labalábá kan tó ń jẹ òdòdó àti pódi ẹ̀wà lóko. Bí ẹ̀wà yẹn bá dé inú àpò, Callosobruchus á jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ àwọn yòókù.

Kí la lè ṣe láìlo májèlé?

Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni kẹ́ ẹ gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni Larry Murdock ti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Cameroon ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà yìí. Àpò tó ti inú rẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní PICS, a sì ti ń rí i rà ní Nàìjíríà. Ọ̀rá nípọnnípọn méjì ló wà nínú àpò sáńsán kan, ẹ ó sì di ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé. Kòkòrò àti ìdin tó wà nínú ẹ̀wà á mí títí ọ́síjìn á fi dín kù.

Mo rò pé ṣe ni wọ́n á kàn sé léèémí. Ohun tí Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2012 ni pé òùngbẹ ló ń pa wọ́n. Ẹ̀wà gbígbẹ kò ní omi púpọ̀ nínú. Omi tí ìdin nílò, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, nípa fífi ọ́síjìn jó oúnjẹ tó jẹ. Bí kò bá sí ọ́síjìn, kò sí omi. Ìdin náà á kọ́kọ́ dá oúnjẹ jíjẹ dúró, lẹ́yìn náà á gbẹ.

Bẹ́ ẹ bá ti mọ ìdí yìí, ẹ ó mọ̀ pé kò dìgbà tẹ́ ẹ bá rí àpò PICS. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ọmọrí tó le, ike Ragolis, tàbí garawa tí ọmọrí rẹ̀ kì í jò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ohun mẹ́ta lẹ gbọ́dọ̀ ṣe: kí ẹ̀wà gbẹ dáadáa kó tó wọlé, kẹ́ ẹ kún un dẹ́nu kí àyè afẹ́fẹ́ má bàa pọ̀, kẹ́ ẹ má sì máa ṣí i wò lójoojúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì kéékèèké mẹ́wàá sàn ju dúrọ́ọ̀mù ńlá kan lọ, torí ẹ lè ṣí ọ̀kan jẹ kí àwọn yòókù wà ní dídé.

Oòrùn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sísá lórí atẹ lásán. Ìwọ̀n ooru tó ń pa gbogbo wọn, àti ẹyin, ìdin àti àgbà, ni nǹkan bíi 57 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí kan. Láti dé ibẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ̀wà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ọ̀rá dúdú, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá tí ojú ń là kọjá bò ó, kẹ́ ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Má lo èyí fún ẹ̀wà tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn láìdánwò, torí ooru tó bá pọ̀ jù lè pa irúgbìn náà.

Fìríìsà ń pa wọ́n bí òtútù bá dúró dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọ̀rọ̀ iná ìjọba ní Surulere, nítorí náà mi ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀.

Òróró ẹ̀pà náà dára. Àwọn onímọ̀ ní IITA ní Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978 pé bí a bá fi bíi mìlílítà 5, ìyẹn ṣíbí ìmutíì kan, ra kílò ẹ̀wà kan yíká dáadáa, ẹyin kòkòrò kò ní lè yè. Eérú tí àwọn ìyá wa àgbà ń pò mọ́ ẹ̀wà náà kì í ṣe àṣà lásán. Ó máa ń dí àyè àárín àwọn hóró, kòkòrò kò sì ní rí ọ̀nà rìn láti wá ibi tó máa yé sí.

IITA kan náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ni wọ́n kó oríṣiríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000 pamọ́ sí. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wò, wọ́n rí ọ̀kan, TVu 2027, tí ọ̀pọ̀ ìdin tó bá wọ inú rẹ̀ kì í yè. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti bí àwọn irú tó lè gba ara wọn sílẹ̀ díẹ̀. Agbọ́n kéékèèké kan tún wà, bíi Dinarmus basalis, tó mọ bí yóò ṣe ti ìta rí ìdin inú hóró. Á gún ẹ̀wà lu, á yé ẹyin tirẹ̀ sára ìdin náà, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ìdin náà. Bẹ́ ẹ bá da ọ̀tápíàpíà, agbọ́n yìí lẹ kọ́kọ́ ń pa.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín

Màmá mi kò da nǹkan kan sí àpò kejì yẹn. Wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n ṣà á, wọ́n da èyí tó léfòó nù, wọ́n fi èyí tó kù ṣe ẹ̀wà tí a jẹ nílé. Èrè orí rẹ̀ ti lọ, owó iṣẹ́ àkànṣe mi sì di ohun tí a tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa báyìí. Wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ oṣù tí wọ́n máa ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára.

Ẹ̀bẹ̀ tèmi ni ti orúkọ. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún màmá mi, "kòkòrò" ni mò ń sọ fún àgbà, fún ìdin, fún Maruca, fún agbọ́n tó ń ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹta: "Kòkòrò wo lo ń sọ báyìí?" Ó dá mi lójú pé àgbẹ̀ kan ní Ṣakí tàbí Òkèhò, tàbí ìyá kan ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń fi eérú pò ẹ̀wà rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tó ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé nígbà ìsinmi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ń gbé níbẹ̀, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà: kí ni wọ́n ń pe kòkòrò inú ẹ̀wà? Kí ni wọ́n ń pe ìdin rẹ̀? Kí ni wọ́n ń sọ nígbà tí àmì funfun bá yọ lára ẹ̀wà tí kò tíì lu? Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí a má lọ ka ẹ̀wà sí ẹwà, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ìlú náà sí i. Ẹ fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Èmi ni màá tò wọ́n.